Ìlẹ̀kùn Kíláàsì Tí Wọ́n Tì Mọ́ Judith Heumann

Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ó pẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fara mọ́ ọgbọ́n yìí, kódà ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni Judith Heumann, tí wọ́n bí ní 1947, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Àga onítáyà ni ó fi ń rìn láti ìgbà náà. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà dá wọn padà. Ó ní àga ọmọ náà léwu bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ilé ni olùkọ́ ti ń wá kọ́ ọ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ níkẹyìn, kíláàsì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí, níbi tí kò ti sí àyè láti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yàn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú New York kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n tún fà yọ. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1970, níwájú Adájọ́ Constance Baker Motley, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ náà yí ọkàn padà, Heumann sì di olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ó lo àga onítáyà ní ìlú náà.

Ní àkókò kan náà, àwọn òbí ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania pẹjọ́ nítorí àwọn ọmọ wọn tí òye wọn kò tètè ń là. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ó bí òfin tí Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lù ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, 1975. Kí òfin náà tó dé, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbà rárá. Òfin náà ní kí a kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn dé ibi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí olùkọ́ àti òbí sì jọ kọ ètò ẹ̀kọ́ tí ó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀.

Ètò yìí ni ó ṣe kókó jù. Bí ọmọ tí kò gbọ́ràn bá jókòó sẹ́yìn, tí olùkọ́ sì kọjú sí pátákó tí ó ń sọ̀rọ̀, inú kíláàsì ni ọmọ náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí ó rí ojú olùkọ́, kí ẹni tí ó mọ èdè ọwọ́ sì wà níbẹ̀.

Ní 1994, ìjọba orílẹ̀-èdè 92 fẹnu kò ní Salamanca, ní Sípéènì, pé ilé ẹ̀kọ́ gbogboògbò ni kí ó gba gbogbo ọmọ. Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní, 2019. Òfin náà ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ láti tọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá.

Ìyá tí ó bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lónìí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: òṣìṣẹ́ náà dà?