Aago Mẹ́ta Kọjá Ìṣẹ́jú Méjìlá

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, ọdún 1956. Ní Arajuno, létí igbó ńlá tó wà ní ìlà-oòrùn Ecuador, Nate Saint àti Pete Fleming, míṣọ́nnárì méjì, wọ bàálù kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan. Wọ́n forí lé etí odò Curaray. Àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ wọn, Jim Elliot, Ed McCully àti Roger Youderian, ti sun ibẹ̀ mọ́jú, nínú ilé pátákó tí wọ́n kàn mọ́ orí igi. Iyanrìn etí odò ni bàálù ń balẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mẹ́ta nínú àwọn Waorani, ẹ̀yà inú igbó náà tí wọ́n fẹ́ wàásù fún, ti jáde sí wọn, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Àwọn míṣọ́nnárì fún wọn ní bọ́gà jẹ. Nate gbé ọkùnrin náà fò lókè abúlé rẹ̀. Ọkùnrin náà yọrí síta, ó ń ké sí àwọn ará ilé. Nígbà tó di Sátidé, kò sẹ́ni tó wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Nate tún gbéra. Ó fò kọjá lórí abúlé náà. Obìnrin àti ọmọdé ló kù níbẹ̀. Ó tún wo inú igbó. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá ń bọ̀, wọ́n kọjú sí etí odò.

Aago méjìlá ààbọ̀. Nate pe Marj, ìyàwó rẹ̀, lórí rédíò ní Shell Mera. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ó ní òun yóò tún pè ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ayọ̀ ló wà lóhùn rẹ̀.

Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn márààrún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé bí ogun bá dé, àwọn kò ní fi í pa Waorani kankan.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Aago ọwọ́ Nate dúró.

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Marj tan rédíò. Olive, ìyàwó Pete Fleming, wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí. Kò sóhùn. Nate kì í fi àdéhùn rédíò ṣeré.

Ilẹ̀ ṣú. Kò sí bàálù tó lè balẹ̀ sórí iyanrìn yẹn lóru. Àfi kí ilẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Johnny Keenan, awakọ̀ bàálù bíi Nate, fò lọ síbẹ̀. Ó rí bàálù náà lórí iyanrìn. Wọ́n ti bó aṣọ tí wọ́n fi bo ara bàálù náà kúrò pátápátá. Kò rí èèyàn kankan.

Ọ̀kọ̀ ni àwọn Waorani fi pa àwọn márààrún. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 32.

Kí wọ́n tó kúrò ní Arajuno, wọ́n ti kọrin pé Ọlọ́run ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn kan pe ikú wọn ní òfò, wọ́n ní ta ni Ọlọ́run ń darí sí irú ibẹ̀. Mi ò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn opó náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kan náà tó wà nínú orin ọkọ wọn ló kù fún wọn, ó sì tó wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, Elisabeth, opó Jim, mú Valerie ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, dání, òun àti Rachel, ẹ̀gbọ́n Nate, sì wọ inú igbó lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó pa ọkọ rẹ̀ ló lọ gbé, ó sì kọ́ èdè wọn.