Ọmọ Ìyá Tí Ogun Tú Ká

Gbogbo wa la mọ Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, ní 1864. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oyè sílẹ̀ ná, ká wo àwọn àbúrò rẹ̀.

Ní 1821, ogun kó Òṣoogùn. Wọ́n mú Àjàyí, ọmọ bí ọdún 13, pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àjàyí àti àbúrò kan bọ́ sọ́wọ́ olóyè, ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Wọ́n fi Àjàyí pàrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn Potogí lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Sàró.

Lásìkò yẹn náà, ìlú Ẹ̀gbá ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí 1830, àwọn tó ṣẹ́kù tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ lọ sábẹ́ Olúmọ. Kálukú gbé orúkọ ìlú rẹ̀ dání, ó fi sọ àdúgbò tuntun. Ìdí nìyẹn tá a fi ní Kẹ́mta, Ìjẹmọ̀ àti Ìkìjà l'Abẹ́òkúta dòní.

Ìlú àwọn tí ò nílé mọ́ yìí ni Crowther wọ̀ ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú kan nítòsí, wá bá a. Ó tó bí ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ẹ̀gbọ́n mọ̀wé, ó ti kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú sínú lẹ́tà ní 1837. Àwọn àbúrò ò kọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá ń gbé nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé. Bí òǹkọ̀wé wa kan bá ń wá ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́, ó yá, ìtàn rèé: ọmọbìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dé pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn ò sọ ọ́. Ogun ti kó Òṣoogùn. Ọ̀dọ̀ ìyá, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni wọ́n ti tún di ọmọ ìyá.