Àga, Ìtì Igi àti Ìwé Toundi

Bí a bá dé ibi ìnáwó ní Àìsẹ̀gbá-Èkìtì, a kì í béèrè ibi tí a ó jókòó sí. Àga tìmùtìmù wà níwájú fún àwọn àgbà, bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn fún àwa ọmọ. Àga ti sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Irú ọ̀rọ̀ tí àga ń sọ yìí ló kún inú Houseboy, ìwé tí Ferdinand Oyono kọ ní èdè Faransé ní 1956. Kamẹrúùnù lábẹ́ ìjọba Faransé ni ìtàn náà ti wáyé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Dangan, àwọn òyìnbó ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù lẹ́bàá pẹpẹ. Ìtì igi ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Fáda Gilbert a máa ju ṣúgà sáàárín àwọn ọmọdé bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ. Ṣúgà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó jù ú kò ka ọmọ sí ènìyàn. Ìjà lórí ṣúgà yìí ló lé Toundi kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe Kamẹrúùnù nìkan. Òfin 1917 ya àdúgbò òyìnbó sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì fẹ́ àyè òfìfo 440 yáàdì láàárín wọn àti àwa. Ní 1947, Bristol Hotel ní Èkó kò gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Èkó gbaná. Lọ́dún náà ni Gómìnà Richards pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Ṣé àga Àìsẹ̀gbá náà kò ya ènìyàn sọ́tọ̀? Ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dàgbà yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní Dangan, bí Toundi gbó, bí ó tọ́, àga yẹn kò lè kàn án.

Ìwé tó ń kọ ìrírí rẹ̀ sí ni nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Fáda ló ti mọ̀ ọ́n kọ, ìwà àwọn òyìnbó ló sì kọ síbẹ̀. Ó sá dé Gíní ti Sípéènì, ibẹ̀ ló kú sí. Ìwé rẹ̀ kò kú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa kọ ohun tí ojú wa ń rí sílẹ̀.