Ìmúrasílẹ̀ Kí Ìtànṣán Tó Wọ Ẹ̀dọ̀

Àgbẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ní Akánrán tàbí Lálúpọn, àgbo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún un. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, ikùn á ti wú, jẹjẹrẹ á sì ti gbilẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ìdí àrùn yìí. Ní 1957, Baruch Blumberg, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, wá gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ní Nàìjíríà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló padà mú un rí kòkòrò hẹpataítìsì B, tó wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí, tí wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Oró ebu tó ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dénú náà ń fa jẹjẹrẹ yìí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní IITA, ní Akínyẹlé n'Íbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko láti fi borí ebu olóró náà.

Ní ti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí TheraSphere ní 1999: ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tíntìntín tó gbé ítíríọ̀mù-90, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, dání. Wọ́n á ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ẹ̀jẹ̀, láti itan títí dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì da ìlẹ̀kẹ̀ náà sẹ́nu iṣan tó ń bọ́ jẹjẹrẹ. Ìtànṣán rẹ̀ kì í rìn ju nǹkan bíi mìlímítà 2.5 lọ nínú ẹran ara, ní ìpíndọ́gba. Láàárín wákàtí 64, ìdajì agbára rẹ̀ á ti tán.

Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá ṣìnà wọ inú àpòlúkù, egbò ni yóò dá síbẹ̀. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, èémí aláìsàn lè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ dán ọ̀nà wò. Wọ́n á gba ọ̀pá kan náà da tẹkinítíọ̀mù, èròjà ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kéré, sínú iṣan, wọ́n á wá fi kámẹ́rà gámà wo ibi tó rìn dé. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ìṣègùn nukílíà UCH fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006. Bí tẹkinítíọ̀mù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á dín ìlẹ̀kẹ̀ kù tàbí kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n lè dí iṣan tó yà sí àpòlúkù pa.

Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ló mú ojú pọ́n, wọn kì í sábà ṣe ìtọ́jú yìí, nítorí ẹ̀dọ̀ náà kò ní lè gba ìtànṣán mọ́ra. Ẹni tó ní hẹpataítìsì B gbọ́dọ̀ ti wà lórí oògùn rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa ṣe síkáànù ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́.