Àìsàn Àjẹkì Lára Àwọn Tó Ń Dúró De Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

Àìsàn àjẹkì ni kí èèyàn jẹ oúnjẹ tó pọ̀ rẹpẹtẹ láàárín wákàtí bíi méjì, kó mọ̀ pé òun ti yó, síbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má kúrò nínú abọ́. Kì í fi tipátipá bì í, ìtìjú ló máa ń gbà á lọ́kàn lẹ́yìn náà. Albert Stunkard, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe irú ìjẹun yìí lọ́dún 1959. Ọdún 2013 ni ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kà á sí àìsàn tó dá dúró: ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta.

Wọ̀bìà là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, èébú sì ni. Ní Fìdítì, níbi tí àwọn ọlọ́sàn àti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti ń pàtẹ sójú títì tó lọ sí Ọ̀yọ́, tàbí ní Ìlọrà, èèyàn lè gbọ́ "o mà ti sanra, ayé ń yẹ ọ́" láàárọ̀, kó gbọ́ "wọ̀bìà" lálẹ́. Nítorí náà ni aláìsàn ṣe ń jẹ àmàlà níwọ̀nba lójú àlejò. Ìgbà tí ilé bá sùn ni yóò ṣí ìkòkò. Jíjẹ ní ìkọ̀kọ̀ yìí wà lára àmì tí dókítà ń wá. Àjẹyó níbi ìnáwó kò sí lára rẹ̀.

Àwọn kan tó ní àìsàn yìí ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ti ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò. Láti ọdún 1991, ẹni tí BMI rẹ̀ (ìwọ̀n ìsanra ní ìbámu pẹ̀lú gíga) pé 40, tàbí 35 tó sì ní àìsàn mìíràn, ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ àgbáyé sọ ọ́ di 35, àìsàn mìíràn wà tàbí kò sí. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ń fi 2.5 dín ìwọ̀n náà kù fún aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ tó kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀.

Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àkójọ ọ̀pọ̀ ìwádìí jáde. Nínú 100 ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, nǹkan bí 19 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, 17 sì ní àìsàn àjẹkì. Àwọn kan ń bo tiwọn mọ́ra, wọ́n rò pé dókítà yóò yọ orúkọ àwọn kúrò lára àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìwádìí kan náà kò rí ẹ̀rí tó dúró pé àìsàn ọpọlọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ ń dí fífọn lọ́wọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì sábà máa ń dínkù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó léwu ni kí a fi àìsàn àjẹkì náà sílẹ̀ láìtọ́jú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àpòlúkù kékeré kò lè gba odidi abọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ṣì ń fẹ́. Ẹlòmíràn á máa bù jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹlòmíràn á yà sídìí ọtí.

Ìtọ́jú tó gbéṣẹ́ ni ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìṣesí ọmọnìyàn, tó ń kọ́ aláìsàn láti mọ ohun tó ń tì í sídìí ìkòkò. Irú ìtọ́jú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa: ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Fún ará Fìdítì, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó lè lọ. Gbólóhùn tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà kò gùn: "Mo ń dìde lóru jẹun, mi ò sì lè dá ara mi dúró."