Àwọn Obìnrin Troy, Àwọn Obìnrin Òwu, àti Àwa Ọmọ Ìjẹ̀bú

Kò sí ẹni tó ka ìtàn ogun Troy tí kò mọ Achilles. Àwọn tó mọ Briseis kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí kò bá sí Briseis, ìbínú tí Homer fi bẹ̀rẹ̀ Iliad kò ní sí. Ẹrú ogun ni obìnrin náà. Achilles ló pa ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta tún bá ogun kan náà lọ. Wọ́n mú un lẹ́rú fún Achilles, Agamemnon tún wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akọni bá bínú, ó lọ jókòó sínú àgọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kú lọ rẹrẹẹrẹ. Ọkùnrin méjì ń jà nítorí obìnrin kan, kò sí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì tó bi í pé kí ló fẹ́.

Orí ìtàgé Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ará Gíríìsì wọ̀nyí. Ọlá Rótìmí sọ Oedipus di Ọba Odéwálé nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1968. Wọlé Ṣóyínká tún Bacchae ti Euripides kọ, wọ́n ṣe é ní London ní 1973, Ògún sì ń yọjú lẹ́yìn Dionysus níbẹ̀. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni a fẹ́ bá dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé eré rẹ̀, Women of Owu, kàn wá ní Ìjẹ̀bú ju bí a ti rò lọ. Ìlú òyìnbó ni ó ti kọ́kọ́ dé orí ìtàgé ní 2004, nígbà tí ogun Iraq ṣì gbóná. The Trojan Women ti Euripides ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 415 ṣáájú ìbí Jésù ni Euripides gbé eré tirẹ̀ jáde ní Athens. Àwọn ará Athens ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun erékùṣù Melos ni. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, wọ́n ta àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Ọkùnrin yìí wá jókòó ti àwọn aṣẹ́gun, ó sì fi ẹkún àwọn obìnrin Troy hàn wọ́n. Ó gba ìgboyà.

Ogun Òwu jà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọ̀rọ̀ ataare ní ọjà Apòmù ló dá rògbòdìyàn náà sílẹ̀. Ataare o! Ọ̀rọ̀ kíkó ènìyàn tà lẹ́rú ní ọjà náà kan náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ataare kàn sọ iná sí i ni. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú para pọ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì do ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Odi Òwu le. Ebi ló ṣẹ́gun wọn níkẹyìn, débi pé àwúje tí wọn kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ìlú fọ́, wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó mọ́.

Nínú eré Ọ̀ṣọ́fisan, Hecuba di Erelú Ààfin, ìyàwó Ọba Akínjọbí. Cassandra di Òrìṣàyè, Andromache di Adúmáadán, Helen di Iyùnlóyè tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Máyè Òkúnadé. Àwọn aṣẹ́gun ń pín wọn bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Wọ́n sì pa ọmọ kékeré Adérogun gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì ṣe ju ọmọ Hector láti orí odi Troy, kí ó má bàa dàgbà gbẹ̀san. Ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀: nínú ìwé Johnson, Akínjọbí sá àsálà lọ sí Erúnmu. Nínú eré, ó ti kú. Eré tí a fi Priam ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀ nílò ọba tó ti kú, a kò bá Ọ̀ṣọ́fisan jà lórí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Àwọn Ìjẹ̀bú ló gbé ìbọn wá sí ogun náà. Láti etíkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá, orí ọ̀sà ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tó bá ti gba Ìwópin tàbí Màkún-Omi kọjá ní Ogun Waterside mọ̀ pé omi yẹn ni títì wa kí títì ọlọ́dà tó dé. Agẹdẹngbẹ́ ni jagunjagun Òwu ń lò, idà gígùn tó wúwo, èyí tó ń béèrè pé kí o súnmọ́ ẹni tí o fẹ́ pa. Àwọn tiwa dúró lókèèrè, wọ́n ń yìnbọn. Nínú Iliad, nígbà tí Paris ta Diomedes lọ́fà lẹ́sẹ̀ láti ibi tó sá pamọ́ sí, Diomedes fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọfà ojo ni. A rò pé ojú kan náà ni ará Òwu yóò fi wo ìbọn wa. Ṣùgbọ́n ọfà Paris náà ló padà pa Achilles, ìbọn náà ló sì dín agbára agẹdẹngbẹ́ kù.

Nínú àwa tí a jọ kọ èyí, a rí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, a rí ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, a sì rí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti Òwu Abẹ́òkúta wá. Ẹ lè fojú inú wo bí àríyànjiyàn wa ṣe rí. Ọ̀kan ní kí ló dé tí Ọ̀ṣọ́fisan, ọmọ Erùnwọ̀n, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, yóò fi jẹ́ kí ẹnu àwọn obìnrin Òwu bú wa. Èsì ẹnìkejì ni pé ará Athens náà ni Euripides.

Ní ti àwọn òrìṣà, Homer kò fi bò: wọ́n ń ṣe ojúsàájú. Athena ran Gíríìkì lọ́wọ́, ó sì yí padà nígbà tí wọ́n wọ́ Cassandra jáde nínú tẹ́ńpìlì rẹ̀. Zeus pàápàá jókòó wo ikú Sarpedon, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nínú Women of Owu, Ańlúgbuà, baba ńlá Òwu tó di òrìṣà, dé lẹ́yìn tí ìlú ti jó tán. Ó bá àwọn obìnrin lójú ọ̀nà omi, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Poseidon sọ ohun tó jọ ọ́ bó ṣe ń kúrò ní Troy: ìlú tó ti dahoro kì í bọ òrìṣà.

Ẹ jẹ́ kí á yà díẹ̀. Àwọn Gíríìkì gbà pé Poseidon àti Apollo ló mọ odi Troy. Ní Ìjẹ̀bú, obìnrin ni a sọ pé ó gbẹ́ Erédò: Bilikísù Súngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí. Yàrà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Mọrèmi náà yàtọ̀ sí Briseis. Ó fúnra rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kí ó lè rí àṣírí ọ̀tá, ó sì padà wálé. Agamemnon fi ọmọbìnrin rẹ̀ rúbọ kí atẹ́gùn lè gbé ọkọ̀ wọn lọ sójú ogun. Mọrèmi fi Olúorogbo san ẹ̀jẹ́ fún Ẹ̀sìnmìrìn lẹ́yìn tí Ifẹ̀ ti bọ́. Ìyàwó Agamemnon pa á nígbà tó délé. Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Edì fún Mọrèmi títí dòní.

Penelope ló kù. Ọ̀sán ló ń hun aṣọ òkú bàbá ọkọ rẹ̀, òru ló ń tú u, fún ọdún mẹ́ta, kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ má bàa rí i mú. Odysseus padà, inú gbogbo olùkàwé dùn, àfi àwọn ẹrúbìnrin méjìlá tí wọ́n so rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìjẹ̀bú náà ní àwọn obìnrin tó ń hun ìtagbè, èyí tí àwọn Òṣùgbó ń gbé sí èjìká. Nígbà tí àwọn jagunjagun wa ti Òwu dé, ìkógun wọn kì í ṣe owó ẹyọ nìkan. Wọ́n mú obìnrin wálé, wọ́n bímọ, ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ẹ̀yin tí oríkì Òwu bá wà nínú oríkì ilé yín, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá bàbá yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a.