Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀

Bí a bá pa òwe yìí, ìkà la sábà máa ń fi í bá wí: ibi tó ṣe fún ẹlòmíràn ń bọ̀ wá bá a nílé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń parí ìjà, ká wo eérú fúnra rẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ta ní jẹ́ da eérú nù? Eérú èèpo kòkó kì í dé ààtàn. Ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọn a bu omi lé e lórí, omi náà a máa kán tó-tó-tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín tó fi ń di ọṣẹ dúdú. Ẹni tó bá da irú eérú bẹ́ẹ̀ nù, ó ti jìyà kí atẹ́gùn tó gbé e padà sí i lójú.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ronú kan eérú tí kì í di ọṣẹ. Ìlú gẹdú ni. Ìtòsí ibẹ̀ ni Igbó Ọba Ọmọ wà, tí ìjọba amúnisìn pààlà sí lọ́dún 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò ní 1977. Nínú sọ́míìlì ilẹ̀ wa, bí ayùn ẹ̀rọ bá la ìtì igi tán, bí ìdajì rẹ̀ péré ló ń di pákó tó ṣeé tà. Èèpo ẹ̀gbẹ́ igi ṣì ní olówó: àwọn tó ń yan gàrí ń rà á, àwọn oníbúrẹ́dì náà ń rà á. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ ni kò rẹ́ni gbà á. Àwọn olóko adìẹ a bu díẹ̀, ìyókù a ga bí òkè, wọn a tiná bọ̀ ọ́. Iná náà kì í sọ kẹ̀ù. Abẹ́ ló ti ń jó, tọ̀sán-tòru, èéfín rẹ̀ a sì wọ yàrá ẹni tó ni sọ́míìlì àti ti ẹni tí kò ní. Níbi tí a dé yìí, òwe wa kò péye mọ́, torí eérú ẹnì kan ń tọ gbogbo àdúgbò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé iná ń jó, kò sí ìkòkò lórí rẹ̀. Ní òpópónà kejì, ìyá kan ń ra èédú tí wọ́n tún gé igi mìíràn sun.

Ìjọba náà mọ ìfiṣòfò ṣe, tiwọn tilẹ̀ tóbi ju tiwa lọ. Láàárín 1970 sí 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Ìwopin, ní Ogun Waterside. Wọ́n gbin igi gmelina lọ salalu sínú Igbó Ọba Ọmọ kó lè di ìwé. Igi dàgbà, ilé-iṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe pète rẹ̀, ni gmelina bá gba sọ́míìlì lọ.

Inú ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Gílóòbù àtijọ́, ooru ni mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá iná tó ń jẹ, ooru tí ẹnikẹ́ni kò fi se ẹ̀wà. Ti 60 watts, bó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, á jẹ ₦135 ní iye ₦225 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, fọwọ́ sí fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024 fún Band A, àwọn tó ń rí iná jù. LED 9 watts tó mọ́lẹ̀ tó o kò jẹ ju ₦20 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí sọ́míìlì: lẹ́búlẹ́bú ṣeé fi dáná, kò sì gba ẹ̀rọ. Ẹ wá agolo ọ̀dà ńlá, ẹ lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ gbé ìgò òfìfo nàró sí àárín, ẹ ti igi wọ ihò ẹ̀gbẹ́ kó kan ìdí ìgò. Ẹ wá kó lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí i ká, kí ẹ fi ọmọ odó kì í dáadáa. Bí ẹ bá rọra yí ìgò yọ, tí ẹ sì fa igi náà jáde, ọ̀nà atẹ́gùn ti là. Ihò ìsàlẹ̀ lẹ ó ti ṣáná sí i, ẹ ó sì gbé ìkòkò ka orí òkúta mẹ́ta kí iná lè mí. Ó lè jó fún wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ẹ ń koná. Bí kò bá kì dáadáa, á wó lulẹ̀ lójú iná. Bó bá tutù, èéfín ni. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dá a, ẹ má gbé e wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ lẹ́búlẹ́bú di ọjà lè fún un mọ́ra bí èédú, ògì ẹ̀gẹ́ ni yóò sì fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi tí àwọn onígàrí ń fún dànù sínú gọ́tà ní ògì yìí nínú. Àfi kó yára ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí oòrùn ló ń gbẹ ẹ́, òjò oṣù kẹfà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í sì í fún ènìyàn láyè sá nǹkan.